Ẹ̀rọ Ìlagi Ẹni Méjì

Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ni obìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta lábẹ́ ẹ̀rọ ìlagi kan, ọ̀kan wọ bàtà, èkejì ò wọ nǹkan kan, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì ń jó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé orin kan ń lọ lábẹ́ ibẹ̀ tí àwọn tó wà lókè ò gbọ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àgbàlá oníṣòwò ẹ̀rọ náà kún fún ẹrẹ̀, irin tútù àti òórùn epo.

Tíṣà ni obìnrin náà. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó fi jẹ́ pé àwọn tó kọ́ ní ábídí ti ń mú ọmọ tiwọn wá fún un. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Ìjì wó igi mẹ́ta lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ó pinnu pé òun fúnra òun lòun máa là wọ́n sí pákó, lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní na ọwọ́ sókè bi òun ní ìbéèrè.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ibẹ̀. Èwo nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ni ẹnì kan ṣoṣo lè lò?”

“Kò sí,” ni ohùn kan dáhùn.

“Báwo ni kò ṣe sí? Férémù tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri yìí ńkọ́, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ayùn ẹlẹ́ńjìnnì?”

“Ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Àmọ́ ẹ óò bẹ̀rẹ̀ mọ́ igi láàárọ̀ dalẹ́, pákó rẹpẹtẹ á di lẹ́búlẹ́bú, ẹ̀yìn yín á sì di oníbàárà ilé ìwòsàn.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á náà lẹ ń bà á jẹ́ báyìí?”

Ọkùnrin náà fa ara rẹ̀ síta. Ẹrẹ̀ wà ní irun rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wú bíi ti ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀ kejì.

“Èmi kọ́ ni mò ń tà á. Èmi náà wá rajà ni. Ibi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀ ni mò ń wò, bóyá ó ti là.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ dá mi lóhùn?”

“Ẹ bi mí ni.”

Tíṣà rí bàtà náà lẹ́yìn táyà kan. Ó gbé e fún un. Nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin yìí, ní wọ́ọ̀dù àwọn tó kán léegun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́ díẹ̀. Èyí ni Tíṣà gbọ́ kí bàtà náà tó wọ ẹsẹ̀ tán, nítorí ẹni tó rẹ̀ kì í ní agbára láti máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Oníṣòwò jáde wá, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

“Ẹ káàbọ̀ o, tọkọtaya! Ẹ má wo àwọn kéékèèké yẹn. Ẹ wá wo ọ̀gá wọn.”

Ọ̀gá wọn wà lórí táyà bí ọkọ̀, ó ní apá irin tó ń gbé ìtì igi fúnra rẹ̀. Ó tóbi ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà lọ.

“A kì í ṣe tọkọtaya,” ni Tíṣà wí.

“Ẹ̀rọ yẹn wà fún ẹni tó fẹ́ máa jẹun níbẹ̀,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Àwa fẹ́ máa sinmi níbẹ̀ ni.”

Tíṣà gbọ́ “àwa” yẹn.

Èyí tí Nọ́ọ̀sì ń wò kò tóbi, kò sì kéré. Irin gbọọrọ méjì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Igi á sùn lórí irin, ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yí po bíi bẹ́líìtì á sì máa rìn gba ara igi kọjá. Ojú ayùn náà tín-ín-rín, kì í jẹ pákó ní àjẹkì. Èèyàn á dúró ṣánṣán tì í. Bí igi bá gùn, wọ́n á tún irin mìíràn so mọ́ ọn. Wàhálà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìtì igi ò ní fò sórí irin fúnra rẹ̀. Ẹni méjì ló ń yí i.

“Mi ò ní ẹnìkejì,” ni Tíṣà wí. “Férémù yẹn ni n óò rà. Igi tiyín ńkọ́, ṣé ó pọ̀?”

“Mi ò ní igi.”

“Ẹ ò ní igi?”

“Yàrá méjì ni mò ń gbé, àgbàlá oní-sìmẹ́ńtì. Koríko gan-an ò hù níbẹ̀.”

“Kí lẹ wá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìlagi ṣe?”

Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó ronú kó tó dáhùn.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìkérora. Mo fẹ́ rí nǹkan gé tí kò ní ké.”

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ó ti gbàgbé pé irú rẹ̀ ṣì wà nínú òun.

Wọ́n dúró síbẹ̀, ẹni tó ní igi tí kò ní ẹ̀rọ, ẹni tó fẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní igi. Oníṣòwò ló kọ́kọ́ rí i. Ó pàtẹ́wọ́.

“Àbí ẹ ò rí nǹkan tí mo ń rí? Kí ọ̀gá ra ẹ̀rọ, kí ìyá gbà á sẹ́yìnkùlé. Èmi ò ní gba owó alárinà.”

Bó ṣe rí nìyẹn.

* * *

Bàbá Tíṣà ti ṣe káfíńtà títí ojú rẹ̀ fi kọṣẹ́. Ìríran rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń pa ilẹ̀kùn dé láìfẹ́ kó dún. Ìyá Tíṣà ti kú nígbà tí ọmọ ṣì wà ní kékeré. Bàbá gbin igi mẹ́ta tí ìjì wó yìí lọ́dún yẹn, kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná bí ẹni pé wọ́n ń gbowó orí lé e.

Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Tíṣà rí, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Bàbá gbọ́ tẹnu wọn, ó ní “Hùn,” ó sì dákẹ́. Wọn ò padà wá. Tíṣà ò béèrè ìdí. Ilé náà kò tiẹ̀ ní àyè fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, bàbá ní kí wọ́n mú òun lọ sídìí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi àtàǹpàkò kan eyín ayùn.

“Hùn. Ta ló máa tò ó?”

“Bàbá?” ni Nọ́ọ̀sì wí.

“Pákó. Lílà kì í ṣe nǹkan. Omi wà nínú igi tútù. Tẹ́ ẹ bá tò ó lé ara wọn, á jẹrà. Ẹ ó máa fi igi wẹ́wẹ́ pààlà sáàrin ọ̀kan àti èkejì, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ óò dúró. Ọdún kan fún pákó tó nípọn tó àtàǹpàkò.”

“A óò dúró, Bàbá.”

“Hùn,” ni bàbá wí, ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé tí wọ́ọ̀dù bá fi í sílẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ń wá. Wọn á yí ìtì igi pẹ̀lú ọ̀pá irin, ẹni kan lápá ọ̀tún, ẹni kan lápá òsì. Nọ́ọ̀sì á ti ayùn, Tíṣà á gba pákó. Bí ayùn bá kú, wọ́n á tún un pọ́n. Iṣẹ́ náà lọ́ra. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

“Tíṣà, ìlà yìí wọ́ o. Tí mo bá jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ, máàkì mélòó ni ò bá fún mi?”

“N óò ní kí o pe òbí rẹ wá.”

Lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó sórí ìtì igi pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò ní parí rẹ̀. Orí rẹ̀ á tẹ̀ sí èjìká Tíṣà, á sùn lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Tíṣà ò mira, kó má bàa jí. Ní ìgbà kejì, òun náà sùn. Bàbá gbọ́ pé ẹ̀rọ dákẹ́ tí ohùn èèyàn náà sì dákẹ́. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbọ́ mímí ẹni méjì, ó sì padà sínú ilé.

Ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ a máa lé oorun lọ. Tiwọn mú oorun wá.

“Mo fẹ́ fẹ́ ọ,” ni Nọ́ọ̀sì wí lọ́jọ́ kan, lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

“Ṣé o ti jí dáadáa?”

“Mo ti jí.”

“Tún un sọ, kí n rí i bóyá wàá tún sùn láàrin rẹ̀.”

Ó tún un sọ. Kò sùn.

Tíṣà gbé ọwọ́ Nọ́ọ̀sì tó le lé itan ara rẹ̀, ó wò ó.

“N kò lè fi bàbá mi sílẹ̀.”

“N óò bá a sọ̀rọ̀.”

“Kò sẹ́ni tó ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀.”

“Àwọn tí wọ́n fi wáyà so àgbọ̀n wọn pọ̀ gan-an, mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dáhùn. Sátidé tí mo bá tún wá, n óò sọ fún un. Ẹni tèmi, gbà mí gbọ́.”

* * *

Nọ́ọ̀sì ò tètè rí àyè wá mọ́. Ọkọ̀ akérò kan dojú dé, wọ́ọ̀dù kún, wọn ò fún un láyè. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti jọ la ìtì igi tó kẹ́yìn, èyí tó sanra jù. Pákó rẹ̀ tẹ́ jọ sórí koríko. Bàbá ti sọ pé nínú ìyẹn lòun máa kan àga kan, èyí tọ́wọ́ òun máa kàn kẹ́yìn.

Òjò ṣú. Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó kó gbogbo pákó náà lé ara wọn bí ẹni ń kó ìwé, láìpààlà, ó da ọ̀rá bò ó, ó so ó pinpin. Ó ní òun á tún un tò lọ́la. Lọ́la dé pẹ̀lú ìdánwò àwọn ọmọ. Ọ̀tunla dé pẹ̀lú ibà. Nígbà tó yá, ó dẹ́kun láti máa wo apá ibẹ̀.

Sátidé tí Nọ́ọ̀sì dé, ó wọ ẹ̀wù òde tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Tíṣà rí i. Ó mọ ohun tí ẹ̀wù náà wá sọ.

Àmọ́ bàbá ti wà lẹ́yìn ilé. Òórùn ló gbé e débẹ̀. Ó ti tú ọ̀rá, ó ti fi ọwọ́ bọ àárín pákó. Ọwọ́ náà jáde ní dúdú. Olú wẹ́wẹ́ ti hù síbẹ̀. Àwọn pákó òkè ti lọ́ bí ewé gbígbẹ.

“Ta ló to èyí?”

Tíṣà ya ẹnu. Ohùn ò jáde.

“Èmi ni, Bàbá,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ má bínú.”

Bàbá kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Kò pariwo.

“Mo mọ ohun tó o fẹ́ bá mi sọ lónìí. Má sọ ọ́. Ẹni tí kò lè fi àyè sílẹ̀ láàrin pákó méjì, àyè wo ni yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ mi? Gbé ẹ̀rọ rẹ.”

Nọ́ọ̀sì háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó sì tú ẹ̀rọ náà. Tíṣà tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀.

“Ta ló rán ọ?”

“Èmi ń lọ. Ìwọ lo máa bá a jókòó sídìí tábìlì.”

“Ẹ̀bi mi ni. Ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde.”

“Ẹnu rẹ ò ṣí.”

“O ò dúró!”

Nọ́ọ̀sì so okùn tó kẹ́yìn, ó wọkọ̀. Ohun tó dun Tíṣà jù ni pé òun mọ̀: bó bá tiẹ̀ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, òun ò ní sọ̀rọ̀.

* * *

Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Koríko pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbi tí irin méjèèjì ti sùn. Tíṣà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ní kíláàsì, ó sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá ṣe nǹkan kó dìde kó sọ pé òun ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò lè sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ó rí bàbá láti ojú fèrèsé. Ó ti bọ́ ẹ̀wù. Ó ń tú pákó tó bàjẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ya èyí tó ṣì lè yè sápá kan. Ó ń fi igi wẹ́wẹ́ pààlà wọn. Pákó gùn jù ú lọ. Ó gbé orí kan, ìdí ń wọ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó mí, ó tún gbé e.

Tíṣà jáde lọ. Ó gbá ìdí pákó mú.

“Gbé e sókè díẹ̀,” ni bàbá wí.

Ó gbé e sókè. Wọ́n ń rìn lọ, ẹni kan níwájú, ẹni kan lẹ́yìn.

“Bàbá, èmi ni mo tò ó.”

Pákó dúró.

“Kí lo wí?”

“Èmi ni. Ó rẹ̀ mí, òjò ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ sí níbí lọ́jọ́ náà.”

Bàbá ò sọ pákó kalẹ̀. Tíṣà náà ò sọ ọ́ kalẹ̀.

“O gbọ́ nígbà tí mo bú u.”

“Mo gbọ́.”

“O dákẹ́.”

“Ẹ̀rù yín bà mí.”

“Ẹ̀rù mi? Mo nà ọ́ rí?”

“Rárá, Bàbá. Ẹ máa ń ní ‘hùn’, ẹ á wá dákẹ́. N kò mọ ohun tó wà nínú ‘hùn’ yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń wá a.”

Bàbá tún pákó náà gbá mú.

“Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀,” ni bàbá wí. “Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ ni. Ìyá rẹ ló máa ń sọ̀rọ̀.”

“Àwọn ọkùnrin méjì tẹ́ ẹ lé ńkọ́?”

“Mi ò lé ẹnì kankan. Mo ní ‘hùn’. Àwọn ló lọ.”

Wọ́n sọ pákó náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá wá ẹ̀wù rẹ̀ lórí koríko, ó wọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́ sódì.

“Wọ bàtà rẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ.”

“Ẹ̀yin ni àgbà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n lọ fúnra mi.”

“Ẹnu mi ló bú u. Ṣé ẹnu ẹlòmíràn ni kí n fi bẹ̀ ẹ́?”

* * *

Àgbàlá Nọ́ọ̀sì rí bó ṣe sọ: sìmẹ́ńtì láti ògiri dé ògiri, ilé kún yí i ká, fèrèsé lé fèrèsé. Ẹ̀rọ ìlagi náà wà láàrin rẹ̀, ó gba ibi tí àwọn èèyàn ń sá aṣọ sí. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó ń pọ́n ojú ayùn tí kò ní igi kankan láti là. Nígbà tó rí wọn, ó dìde, ojú ayùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún gbọ̀ngbọ̀n.

“Bàbá! Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo wá bẹ̀ ọ́.”

“Háà, Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí o.”

“Dákẹ́. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀, má jẹ́ kó já. Mo bú ọ lórí ohun tí o ò ṣe. Mo ṣì í. Ìwọ náà purọ́ fún mi nínú ilé mi. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá.”

“Hùn.” Bàbá dà bí ẹni tó ń gbé nǹkan wúwo. “Ìyẹn ni pé ó dáa.”

Nọ́ọ̀sì wo Tíṣà. Tíṣà wò ó. Nọ́ọ̀sì ti rù. Ojú rẹ̀ ṣì wú.

“Èmi náà ní tèmi,” ni Tíṣà wí. “Má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi mọ́, ì báà jẹ́ ìfẹ́ ló fà á. Bí mo bá pẹ́ kí n tó sọ ọ́, dúró.”

“N óò dúró.”

“Ó lè pẹ́ gan-an.”

“Tíṣà, n kò níbi tí mò ń lọ.”

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ gbá irin ẹ̀rọ náà.

“Ilé mi ní àyè. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kan nǹkan ṣófo. Ẹ fi ògiri sí i, ẹ lu fèrèsé, yàrá méjì gidi ni. N kò fẹ́ kí ọmọ mi fi mí sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kó jókòó tì mí títí n óò fi kú. Bóyá o lè gbà bẹ́ẹ̀.”

“Mo gbà, Bàbá. Àmọ́ wọ́n á ní mo wá gbé ilé ìyàwó.”

“Wọ́n á sọ ọ́ dáadáa. Wọn ò ní bá ọ yí ìtì igi.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí Tíṣà, ó sì rántí, ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó dúró. Bàbá kọjú sí ibi tó rò pé ọmọ rẹ̀ wà. Ó ṣì í díẹ̀. Ògiri ló kọjú sí.

“Àwa ọkùnrin méjì ti sọ tiwa. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Kí lo fẹ́?”

Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yìí rí nínú ilé bàbá rẹ̀. Tíṣà wo sìmẹ́ńtì. Ó wo ẹ̀wù bàbá rẹ̀ tó wà lódì. Àwọn méjèèjì dúró. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́.

“Mo fẹ́ ẹ,” ló wí, wúyẹ́wúyẹ́.

“N kò gbọ́,” ni bàbá wí.

“Mo ní mo fẹ́ ẹ, Bàbá! Òun ni mo fẹ́!”

Fèrèsé kan ṣí lókè. Obìnrin kan yọ orí jáde, ó di aṣọ tútù mọ́ àyà.

“A ti gbọ́ o,” ló wí. “Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ yẹn lọ wàyí, ká lè ríbi sá aṣọ.”